Ọ̀nà wo ni kí ẹ gbà bá àwọn tó jìnnà ṣe àwo orin? Ìfiwéra fún olórin tó ń dá dúró

Olórin tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kankan lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ lónìí, kí ẹni tó ń lùlù fún un wà ní orílẹ̀-èdè kan, kí ẹni tó ń ta béèsì wà ní òmíràn, kí ẹni tí yóò po gbogbo ohùn pọ̀ má sì tíì fojú kan ẹnikẹ́ni nínú wọn rí. Kì í ṣe àrà tuntun. Àwọn méjì tí wọ́n ń pe ara wọn ní The Postal Service gbé àwo jáde báyìí ní ọdún 2003: Jimmy Tamborello wà ní Los Angeles, Ben Gibbard wà ní Seattle, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ síra wọn nílé ìfìwéránṣẹ́ títí ó fi pé odindi àwo. Ní ọdún kejì rẹ̀, Phonte tó wà ní North Carolina àti Nicolay tó wà ní Netherlands, ìyẹn The Foreign Exchange, gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde. Fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó fojú rinjú.

Nígbà yẹn, ọ̀nà kan péré ló wà. Ní báyìí ọ̀nà ti pọ̀ débi pé yíyàn gan-an ti di iṣẹ́. Mo ti dán àwọn tí mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín wò, ohun tí mo sì rí ni pé ìbéèrè méjì ló ń pinnu bí àwo ṣe ń parí, tàbí bí kò ṣe ní parí láéláé. Èkíní: níbo ni ìyá fáìlì orin náà, ìyẹn fáìlì tí gbogbo ohùn ti pàdé, ń gbé? Èkejì: ta ló ní àṣẹ láti sọ pé, "Ó ti tó"? Gbogbo ìyókù, irú sọ́fítíwíà àti irú máíkì, ẹ̀yìn méjèèjì yìí ni wọ́n tò sí.

Kí kálukú gbohùn sílẹ̀ nílé ara rẹ̀, kí ó fi fáìlì ránṣẹ́

Èyí ni ọ̀nà àtijọ́, òun náà ni mo ṣì gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ẹnì kan á ṣí orin náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ì báà jẹ́ nínú Reaper, Ardour, Logic tàbí èyíkéyìí tó bá mọ̀ ọ́n lò. Á gba ìpìlẹ̀ sílẹ̀, á fi àpapọ̀ tí kò tíì dán ránṣẹ́ sí ẹnìkejì. Ẹnìkejì á ta tirẹ̀ lé e, á sì dá èyí tó ta nìkan padà. Ìyá fáìlì kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sábà máa ń sọ pé orin ti tó. Ìbéèrè mi méjèèjì ti rí ìdáhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti bá wọn dá sí, àwọn tí a ṣe báyìí ló parí jù.

Kò sì sí ohun tó ń lé yín. Ẹni tó ń fọn saksofóònù lè fọn ibì kan nígbà ogún kó tó rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ojúmọ́ ń mọ́ lọ́dọ̀ yín, kò ba nǹkan kan jẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà kò lè ba ohùn jẹ́, àfi kí fáìlì pẹ́ kó tó dé.

Nǹkan kéékèèké ló ń pa ọ̀nà yìí lára. Ohùn kan ṣoṣo tí a gbà ní WAV (irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀), bíìtì 24, 48 kHz (kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn nígbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíìtì 24 sì ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan), ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 8.6 fún ìṣẹ́jú kan. Orin ìṣẹ́jú 4 á jẹ́ nǹkan bíi 35 fún ìlà ohùn kan. Bí ìlà ohùn bá tó 30, ó ti lé ní gígábáìtì kan. Nítorí náà ẹ má kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ta béèsì kò nílò ìlù mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àpapọ̀ kan, pẹ̀lú kílíìkì (ìró tó ń ka ìlù fún ẹni tó ń ta) nínú fáìlì tirẹ̀, ti tó o. Ẹ jẹ́ kí àpapọ̀ náà jẹ́ WAV. MP3 máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ bíńtín kún iwájú orin, ẹni tó bá ta nǹkan lé e lè pẹ́ lẹ́yìn ìlù láìmọ̀, ẹ̀yin á sì máa rò pé etí rẹ̀ ni kò mú.

Mo mọ bí irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Ó ṣẹlẹ̀ pé orin wa kan wà ní 48 kHz, ẹni tó fọn saksofóònù sì fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní 44.1. Àwọn sọ́fítíwíà kan máa ń yí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ padà fúnra wọn. Èyí tí mo ń lò kò yí i, ṣe ló ń ṣí i bí ẹni pé 48 ni. Orin ìṣẹ́jú 4 di ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40, ohùn saksofóònù náà sì ga ju bó ti yẹ lọ, tó nǹkan bíi bọ́tìnnì dùùrù kan àtààbọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rò pé ọkùnrin náà kò gbọ́ kíì (ohùn ìpìlẹ̀) tí orin wà. Mo ti kọ lẹ́tà tí kò dùn sí i kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo tọrọ àforíjì, ó sì gbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ìwé kékeré kan sínú gbogbo fódà tí mo bá ń fi ránṣẹ́: BPM orin (iye ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan), kíì tó wà, 48 kHz, bíìtì 24, àti iye ìlù tí kílíìkì máa kà kí orin tó wọlé. Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé náà ló ṣe pàtàkì jù: kí fáìlì tó ń padà bọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kẹta ni ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo kàn máa fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ ni, á sì bá gbogbo ìyókù ṣe déédéé. Bí onígìtá bá ní ohùn pàtàkì kan tó ń ti inú ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, kó fi ìyẹn ránṣẹ́, kó tún fi ohùn gìtá lásán, èyí tí kò ní nǹkan kan lára, kún un.

Àléébù ọ̀nà yìí kò ṣeé fi pamọ́. Bí onílù àti oníbéèsì bá wà nínú yàrá kan náà, tí ọ̀kan fà sẹ́yìn díẹ̀, èkejì á gbọ́, á fà tẹ̀lé e. Nínú fáìlì, ẹni tó kọ́kọ́ ta ti sọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó dé lẹ́yìn ń dá ẹni tí kò gbọ́ ọ lóhùn. Nínú orin tí ohùn kan àti gìtá kan gbé ró, ẹ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Nínú orin tí ìlù àti béèsì ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ kedere. Ohun tí mo ń ṣe sí i ni pé mo máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ yí po lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí béèsì bá dé, mo máa ń dá a padà sọ́dọ̀ onílù kó tún ìlù rẹ̀ lù láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti gbọ́ èsì ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ó sì yàtọ̀ pátápátá.

Sítúdíò tí gbogbo yín ń wọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

BandLab àti Soundtrap ni wọ́n mọ̀ jù níbí. Orin kan náà ni gbogbo yín ń ṣí, nínú bíráúsà tàbí lórí fóònù. Ohun tí ẹnì kan bá fi kún un, àwọn yòókù á rí i níbẹ̀. Kò sí pé "èwo ni ẹ̀dà tó kẹ́yìn?" mọ́, kò sì sí fódà tó ń rìnrìn àjò kiri. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá lè dá sí i, àǹfààní yìí sì tóbi: mo mọ akọrin tó jẹ́ pé orí fóònù ló ti kọ gbogbo ègbè àwo kan.

Ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́, kí ẹ wá bi í ní ìbéèrè méjèèjì. Níbo ni ìyá fáìlì wà? Lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni sítúdíò náà. Ilé-iṣẹ́ sì ń gba ọwọ́ dé ọwọ́: Sweden ni wọ́n ti dá Soundtrap sílẹ̀ ní ọdún 2012, Spotify rà á ní 2017, ó sì tún padà sọ́wọ́ àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2023. Kò sí ohun tó burú nínú èyí, àmọ́ àwo tó ń gba ọdún méjì lè bá irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà. Ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ wa ìlà ohùn kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ ní WAV sórí kọ̀ǹpútà ara yín.

Ìbéèrè kejì ló tún le jù. Nígbà tí ìkòkò bá wà láàárín gbogbo ènìyàn, kálukú ló ń bu iyọ̀ sí i. Mo ti wà nínú iṣẹ́ tí a jí lówùúrọ̀ rí i pé ẹnì kan ti yọ ìlù kúrò, tí ẹlòmíràn sì ti dá a padà kí ọ̀sán tó pọ́n, láìsí ìjà, láìsí ìpinnu. Orin mẹ́ta ni a bẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tó jáde. Kì í ṣe ẹ̀bi sọ́fítíwíà. A kò yan ẹni tí yóò sọ pé ó tó ni.

Fún kíkọ orin, kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó o. Nígbà tí orin bá ṣì rọ̀, tí ẹ kò tíì mọ ibi tí ègbè máa wà, kí ọwọ́ púpọ̀ kàn án dára. Bó bá ti le díẹ̀, mo máa ń gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan.

Kí ẹ jọ ta á lẹ́ẹ̀kan náà

Ohun tí gbogbo ènìyàn ń lá lálàá rẹ̀ nìyí, ibẹ̀ sì ni òfin ìṣẹ̀dá ti ń dá wa lẹ́kun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ohùn ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ẹgbẹ̀rún, tí a pe ìdá kọ̀ọ̀kan ní mílísẹ́kọ́ǹdù, mítà kan ń gba nǹkan bíi mẹ́ta. Bí ẹ bá jìnnà síra yín ní mítà mẹ́jọ lórí pèpéle, ohùn yín ti pẹ́ ní nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 23, ẹ sì ń fara dà á láìmọ̀. Bó bá ti kọjá nǹkan bíi 25 sí 30, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ẹnìkejì, orin á sì máa falẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọ́lẹ̀.

Nínú okùn fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní nǹkan bíi kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá: mílísẹ́kọ́ǹdù 5 fún kìlómítà 1,000, ní àlọ nìkan. Kìlómítà 6,000 ti jẹ 30 tán kí kọ̀ǹpútà kankan tó fọwọ́ kàn án. Ẹ wá fi ti kọ̀ǹpútà kún un: bí ẹ bá fi bọ́fà (iye ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí) sí 128 ní 48 kHz, ó ń gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 2.7 nígbà tí ohùn ń wọlé, òmíràn nígbà tó ń jáde, lọ́dọ̀ ẹni méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tó wà ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà díẹ̀ sí yín lè bá yín ta á. Ẹni tí òkun pín yín níyà kò lè ṣe é ní àkókò kan náà gan-an, sọ́fítíwíà yòówù kí ẹ rà.

Jamulus, SonoBus àti JackTrip ni mo lè júwe fún yín, wọ́n sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. Jamulus ń kó gbogbo yín jọ sórí sáfà kan, ó sì ń fún ohùn pọ̀ kó lè fúyẹ́. SonoBus ń so yín pọ̀ tààrà. JackTrip, tó ti yunifásítì Stanford wá, ń gbé ohùn lọ láì fún un pọ̀ rárá, nítorí náà ó dùn létí jù, ó sì ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì tó lágbára jù. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì yín dípò Wi-Fi, ẹ sì bọ́ hẹ́ẹ̀dìfóònù Bluetooth kúrò létí: ìdádúró inú Bluetooth nìkan sábà máa ń ju mílísẹ́kọ́ǹdù 100 lọ. Àwọn ìpè fídíò bíi Zoom kò yẹ fún èyí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe é fún. Ohùn fèrè tó gùn lè jọ ariwo lásán létí wọn, kí wọ́n sì pa á.

Bí ẹ bá lè lò ó, ẹ má gba ohun tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá sílẹ̀ fún àwo. Kí kálukú gba tirẹ̀ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ta á, kí ẹ kó wọn jọ lẹ́yìn náà. Íntánẹ́ẹ̀tì á wà fún kí ẹ gbọ́ ara yín. Ohùn tó mọ́ á wà nílé. Báyìí, ìyá fáìlì ti padà sọ́wọ́ ẹnì kan.

Tí mo bá wà ní ipò yín

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń kọ orin, tí ẹ kàn nílò ẹni méjì mẹ́ta tí yóò fi nǹkan sí i, ẹ má wulẹ̀ ronú púpọ̀, ẹ lo fáìlì. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjì ni ẹ jọ ń kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ nínú sítúdíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì pinnu ọjọ́ tí ẹ ó gbé e kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ olórin tó ti ń ta á pọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ìrìn àjò pín níyà, tí ẹ kò sì jìnnà jù, ẹ jọ ta á. Ẹ ti mọ èémí ara yín, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn ṣòfò.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fẹ́ jọ ta á kíákíá, nítorí òun ló jọ orin jù lójú. Mo rọ̀ yín kí ẹ fi í sí ìkẹyìn. Òru méjì tí ẹ fi ń wá ibi tí ohùn ti ń já lè pa ìfẹ́ orin náà.

Àjèjì, ọ̀rẹ́, tàbí ẹni tí ẹ sanwó fún

Àwọn ojúlé kan wà tí àjèjì ti ń pàdé fún orin nìkan. Ní wikiloops, ẹnì kan á gbé ìlù síbẹ̀, ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí á ta béèsì lé e, ẹ̀kẹta á gbé ohùn lé gbogbo rẹ̀. Kompoz ń kó àwọn tó fẹ́ parí orin pọ̀ jọ. ccMixter ti ń ṣe é láti ọdún 2004 lórí ìwé àṣẹ Creative Commons (àṣẹ tí olórin fi ń fún àwọn ẹlòmíràn láyè láti lo iṣẹ́ rẹ̀). Ní oṣù kejì ọdọọdún, àwọn tó ń dá sí FAWM (February Album Writing Month) máa ń gbìyànjú láti kọ orin 14 láàárín ọjọ́ 28, ọ̀pọ̀ ìbáṣepọ̀ sì ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀: ẹ ó gbé orin sílẹ̀ lálẹ́, ẹ ó jí bá ohun tí ẹ kò lè rò láéláé lórí rẹ̀.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ yín ní gbèsè. Ẹni tó ta ègbè tó dùn jù lè má dáhùn mọ́. Ẹ sì gbọ́dọ̀ ka ìwé àṣẹ tó wà lára ohun tí ẹ bá mú. Bí ẹ bá rí NC (kì í ṣe fún òwò) lára rẹ̀, ẹ kò lè fi í sínú àwo tí ẹ fẹ́ tà, àfi bí ẹni tó ni ín bá fún yín láyè lọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí ND (ẹ má yí i padà), ẹ kò lè gbé ohun tí ẹ yí padà nínú rẹ̀ jáde rárá. SA (ẹ pín in bákan náà) ní tirẹ̀ ń sọ pé kí orin tí ẹ fi í ṣe náà wà lábẹ́ irú àṣẹ kan náà.

Ẹni tí ẹ sanwó fún, irú èyí tí ẹ ń rí ní SoundBetter, jẹ́ òdìkejì èyí. Ọjọ́ tí iṣẹ́ máa dé ti wà nínú àdéhùn, iye ìgbà tó máa tún un ṣe ti wà níbẹ̀, àṣẹ "ó ti tó" sì wà lọ́wọ́ yín pátápátá. Ohun tí ẹ ó pàdánù ni ìyàlẹ́nu: ohun tí ẹ bá ní kó ṣe ló máa ṣe. Fún béèsì, fún ìlù, mo lè sanwó. Fún ẹni tí yóò yí ọkàn orin padà, mo máa ń wá ọ̀rẹ́.

Ọ̀rẹ́ sì ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé fún jù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìwé ìpín

Nínú orin kan ṣoṣo, ẹ̀tọ́ méjì ló wà: ti orin tí a kọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń lọ, àti ti ohùn tí a gbà sílẹ̀. Oníbéèsì lè ní ìpín nínú èkejì láì ní nínú èkíní. Ẹ kọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, kí orin tó kúrò nílé, pẹ̀lú orúkọ kálukú bó ṣe fẹ́ kó hàn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé òfin kò dọ́gba níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan nínú àwọn tó jọ ni orin lè fún ẹlòmíràn láyè láti lò ó láì béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù, bí àyè náà kò bá jẹ́ ti ẹni yẹn nìkan, tó bá sì pín èrè rẹ̀ fún wọn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1988 ní gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ẹnì kan bá wà níhìn-ín, tí èkejì wà lọ́hùn-ún, tí ìwé kò sì sí, kálukú á rò pé òfin tirẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

DistroKid àti TuneCore, àwọn tó ń gbé orin yín lọ sórí àwọn ojúlé ìgbọ́rin, ń jẹ́ kí ẹ kọ ìpín kálukú sílẹ̀ kí owó lè lọ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó tàn yín jẹ: owó ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń pín níbẹ̀ jù. Owó àwọn tó kọ orin ń gba ọ̀nà ẹgbẹ́ tó ń gba owó fún àwọn akọrin-sílẹ̀, kálukú ló sì gbọ́dọ̀ forúkọ orin náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú ìdá kan náà tí ẹ kọ. Ohùn kọ̀ọ̀kan tí a gbà sílẹ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní ISRC, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12. Orin tí a kọ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, ìyẹn ISWC. Ẹ fi méjèèjì sínú ìwé ìpín náà.

Lọ́jọ́ tí àwo bá jáde, mo máa ń kó gbogbo ìlà ohùn tí kò ní nǹkan kan lára, àpapọ̀ tó kẹ́yìn, àti ìwé ìpín sínú fódà kan, mo sì ń fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó dá sí i, títí kan ẹni tó fọn fèrè ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré.